Yàrá Tí Kì Í Jẹ́ Kí Igbe Jáde

Búlọ́ọ̀kù oníhò ni wọ́n fi kọ́ fúláàtì wa ní Jakande, Ìsọlọ̀. Bí ẹni tó wà lókè bá húkọ́, a ó gbọ́ nísàlẹ̀. Ìyẹn ló ń gbà mí lọ́wọ́ ọkọ mi. Bó bá ti gbá mi létí, tí mo ké "Ẹ gbà mí o!", Ìyá Ìbejì tó ń gbé lókè wa á fi ọmọ odó gbá ilẹ̀: "Bàbá, ó tó o! Àbí kí n sọ̀kalẹ̀?" Ojú á tì í, á sì jáwọ́.

Ọkọ mi fẹ́ràn orin. Ó gbé sípíkà ńlá méjì sí yàrá kejì, ṣùgbọ́n táìlì ló wà nílẹ̀ ibẹ̀, ògiri sì ń dán. Orin á máa ta padà lára wọn, á máa pariwo bí ìgbà tí èèyàn ń da ṣíbí sínú abọ́ irin. Ó pe káfíńtà. Wọ́n fi fóòmù bo ògiri àti àjà, wọ́n tẹ́ rọ́ọ̀gì tó nípọn, wọ́n kan pákó àti fóòmù dí fèrèsé, wọ́n sì fi kọ́tìnì bò ó. Mo pàtẹ́wọ́ níbẹ̀; àtẹ́wọ́ náà kú sí mi lọ́wọ́.

"Mo ti di ògiri létí," ọkọ mi wí, ó ń rẹ́rìn-ín. Orin dùn lóòótọ́.

Láti ìgbà náà, yàrá yẹn ló ń wọ́ mi lọ tí inú bá ń bí i. Wáyà ló fi ń nà mí. Ó fọ́ mi lẹ́nu. Mo ké títí ohùn mi fi há. Ọmọ odó kò dún. Ìyá Ìbejì pàdé wa lórí àtẹ̀gùn, ó ní, "Ìyàwó, ilé yín ti tòrò o! Àdúrà ti gbà." Ọkọ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi; mo kọjá lọ. Ní búlọ́ọ̀kù wa, bí obìnrin kò bá ké "ẹ gbà mí", ẹni tó bá dá sí ọ̀rọ̀ tọkọtaya, ayọjúràn ni.

Ọjọ́ tí ọkọ mi jáde lọ sí Apakun, mo fi ọ̀bẹ ya fóòmù ojú fèrèsé, mo yọ pákó, mo ṣí gíláàsì sílẹ̀, mo sì fa kọ́tìnì bò ó padà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday, ẹ̀wà jóná. Ọkọ mi wọ́ mi wọ yàrá náà, ó tan orin. Lójijì ló tẹ́tí. "Kí ló ṣe sípíkà yìí? Orin ń sá jáde." Ó fa kọ́tìnì, ó rí ìta gbangba. Ó yíjú sí mi, ó fún mi lọ́rùn. Mo bu ọwọ́ rẹ̀ jẹ títí ẹ̀jẹ̀ fi dé eyín mi, mo sì ké, "Ẹ gbà mí o!"

Ẹsẹ̀ dún lórí àtẹ̀gùn. Ìyá Ìbejì já wọlé, tòun tọmọ odó.

"Orin lẹ gbọ́," ọkọ mi wí.

"Orin wo ló ń ké 'ẹ gbà mí'? Ẹ jó o ká wò yín!"

Ọkọ mi gbọ́wọ́ sókè sí i. Ọmọ odó bà á léjìká, ó ṣubú lu sípíkà.

Ìyá Ìbejì fọwọ́ tẹ ògiri. Ìka rẹ̀ rì sínú fóòmù. "Inú ibí lo ti ń ké látọjọ́ yìí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bú sẹ́kún, ó di ọwọ́ mi mú, a sì gòkè. Mi ò dúró wọ bàtà.