Àwòrán Tí Kò Jọ Nǹkan Kan

Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ilé wa ní Ẹgbẹ́dá, a ò tíì ní síìlìn tí ọkọ mi fi lọ ra àwòrán. Olùkọ́ ni, ó sì fẹ́ràn ohun tó rẹwà ju ohun tó wúlò lọ. Ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìyànà Ìpájà ló ti rí i. Pupa, búlúù àti dúdú kàn dà pọ̀ mọ́ra wọn nínú férémù ni. Kò sí ojú, kò sí imú, kò sí igi.

Ó ní, "Ẹ̀dà ni. Èyí tí ayàwòrán fọwọ́ ara rẹ̀ kùn wà lókè òkun. Ṣùgbọ́n bébà tí wọ́n fi òwú ṣe ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, àwọ̀ rẹ̀ ò ní ṣá láé. Àwọn ọmọ ọmọ wa á bá a bẹ́ẹ̀."

Mo ní, "Kí Ọlọ́run jẹ́ kí wọ́n bá síìlìn náà."

Kò pẹ́ sígbà náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wá kí wa láti Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n mu omi tán, wọ́n tẹjú mọ́ ògiri.

"Ta nìyí?"

"Kì í ṣe èèyàn, ẹ̀gbọ́n mi," ni ọkọ mi dáhùn.

"Ṣé ilé ni?"

"Kì í ṣe ilé. Ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó kùn ún ló fi àwọ̀ sọ."

Wọ́n mi orí. "Kí Ọlọ́run bá a tún ọkàn náà ṣe."

Mo sáré wọ ilé ìdáná lọ rẹ́rìn-ín.

Ọkọ mi ò jáwọ́. Bó bá ti ti ilé-ìwé dé, á mú rúlà, á máa tọ́ka sí àwòrán bí ẹni ń kọ́ kíláàsì. Ẹ̀gbọ́n á máa ṣa ẹ̀wà lọ ní tiwọn.

Lọ́jọ́ kan, èmi àti ọkọ mi jọ wọlé, a bá wọn tí wọ́n ń ṣàlàyé fún ìyá ilé kejì.

"Pupa yìí, ọ̀nà oko bàbá wa ni, lẹ́yìn òjò. Dúdú yẹn, èéfín ni. Ìyá wa ń dáná níbẹ̀."

Ọkọ mi dúró pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́, kò tún ọ̀rọ̀ kankan ṣe.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ń padà lọ, wọ́n ní àwọn á gbé àwòrán náà dání ṣá. Ọkùnrin tí kì í jẹ́ kí n fi aṣọ nu àwòrán náà ló fi ìró mi wé e, tó sì gbé e dé gáréèjì fúnra rẹ̀.

Irú rẹ̀ ti tán ní ṣọ́ọ̀bù, ó bá ra òmíràn, àwọ̀ ìyeyè ni látòkè délẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n tún wá, wọ́n wò ó títí.

"Ìwọ náà mọ̀ pé tèmi dáa ju èyí lọ."

Ọkọ mi ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.