Ẹ̀gúsí Ìyàwó Mi Kú, Ìrẹsì Mi Yè

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ fún yín pé iṣẹ́ ìrẹsì dùn. Mo ṣe é. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi tẹ ẹrẹ̀ ní àkùrọ̀ kan lọ́nà Àgọ́-Àmọ̀dù, tí eṣúṣú ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ mi, tí ẹ̀yìn ń dùn mí bí ẹni tí wọ́n nà. Koríko ni ọ̀tá ìrẹsì. Bí o bá fà á tu lápá ọ̀tún, kí o tó dé apá òsì, ó ti ń rú bọ̀. Ìyàwó mi ló ń bá mi ro ó. Ẹ̀ẹ̀mẹta la máa ń ro ó kí ó tó yọ orí, ọwọ́ la sì fi ń ro ó, nítorí ọkọ́ ò ṣeé lò láàárín ìrẹsì tó ti dí.

Obìnrin yìí, n kò ní í dárúkọ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dára. Ohun tó bá gbìn kì í kú. Ó ní ilẹ̀ tirẹ̀ lókè àkùrọ̀ mi, níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ. Èmi ni mo gé e fún un nígbà tí mo gbé e níyàwó, bí àwọn ọkọ ṣe ń ṣe lọ́dọ̀ wa. Ohun tí obìnrin bá kó níbẹ̀, tirẹ̀ ni, ọkọ kì í bi í léèrè. Ẹ̀gúsí ló ń gbìn síbẹ̀. Lọ́dọọdún ni bàrà rẹ̀ máa ń sùn sílẹ̀ lọ bẹẹrẹ, tí àwọn tó ń kọjá lọ á dúró wò ó, wọ́n á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọlọ́wọ́ ire." Èmi náà a máa wò ó. Inú mi kì í dùn. Mo ti dàgbà ju ẹni tó ń parọ́ lọ: inú mi kì í dùn rárá.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fi sílẹ̀ fún wa, obìnrin. Ìgbà tí ìjọba ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ológun ló ka ìwé mẹ́wàá tán. Tíṣà obìnrin kan, onígbàgbọ́, tó ń gbé ládùúgbò wa ní Ṣakí, ló bá a kọ fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Wọ́n mú un. Lẹ́tà dé, ìwé pélébé kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n to gbogbo ohun tó gbọ́dọ̀ mú wá sí: aṣọ funfun, bàtà dúdú, mátírẹ́ẹ̀sì, bọ́kẹ́ẹ̀tì, aago ọwọ́ tó ní ọ̀pá tínínrín tó ń sáré yípo. Ọmọ náà kà á fún ìyá rẹ̀ títí ìyá rẹ̀ fi mọ̀ ọ́n sórí, obìnrin tí kò mọ A, tí kò mọ B. Bó bá ń gúnyán, á máa fi lu odó: aṣọ funfun, bàtà dúdú.

Wọ́n wá bá mi. Mo ní rárá. Mo ní kí ló fẹ́ lọ máa gbọ́n ìgbẹ́ aláìsàn ẹni ẹlẹ́ni fún, nígbà tí ọkọ ń dúró dè é? Ọ̀rẹ́ mi kan, oníṣòwò iṣu ní Ìgbẹ́tì, ti ń bẹ̀ mí tipẹ́ pé kí n fi ọmọ náà fún ọmọkùnrin òun. Ìyàwó mi kúnlẹ̀. Ó ní, "Bàbá ọmọ mi, ẹ má bínú. N ò ní kí ẹ mú nǹkan kan jáde. Ẹ̀gúsí tọdún yìí á ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹ ṣáà jẹ́ kó lọ." Kí ni mo fẹ́ sọ sí i? Ẹ̀gúsí rẹ̀ ni. Mo dákẹ́, ó rò pé mo ti gbà.

Nígbà tó di àkókò àti ro ìrẹsì, ó ní òun ò ní lè wá lọ́dún yẹn, pé ẹ̀gúsí òun ń fẹ́ ọwọ́. Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́. Ọjọ́ Jímọ̀, níbi tí a ti ń ṣe àlùwàlá ní mọ́sálásí, ọkùnrin kan tí oko rẹ̀ bá tèmi pààlà da omi sẹ́sẹ̀, ó gbójú sókè, ó ní, "A gbọ́ pé ìyàwó ẹ ń rán ọmọ lọ síléèwé nọ́ọ̀sì. Ẹ kú oríire o. Ìwọ ńkọ́, kíláàsì wo ló máa fi ẹ́ sí?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo kírun lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n n ò mọ ohun tí mo kí.

Kò pẹ́ sígbà náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí à ń pè ní agírìkì dé. Wọ́n pe àwa àgbẹ̀ ìrẹsì jọ sábẹ́ igi igbá kan. Ọkùnrin nìkan ni o. Ta ló ń pe obìnrin sírú ìpàdé bẹ́ẹ̀? Ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá wa sọ̀rọ̀ gbé páńpù kọ́ ẹ̀yìn, ó pọn omi lásán sínú rẹ̀, ó ń fín in káàkiri kí a lè rí bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ kan fà á, tí wọ́n ń fi ọwọ́ kejì darí ẹnu rẹ̀. Ó ní oògùn koríko tí òun mú wá gbọ́n. Bí ó bá bọ́ sórí ìrẹsì, kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Lábẹ́lábẹ́ àti àwọn ewé gbàgàdà tó ń bá ìrẹsì du ilẹ̀ ni yóò kú. Ló bá gbé ìka sókè. "Ẹ̀yin bàbá, ẹ gbọ́ o. Kò mọ ewé gbàgàdà rere yàtọ̀ sí búburú. Ẹ̀wà, tòmáàtì, òwú, ẹ̀gúsí, pípa ni yóò pa wọ́n. Bí atẹ́gùn bá ń fẹ́, ẹ má fín in."

Èmi ni mo kọ́kọ́ dìde lọ gba tèmi.

N ò kánjú. Mo dúró di ọjọ́ tí ìyàwó mi àti ọmọ lọ síbi àdúrà òkú ọjọ́ mẹ́jọ kan ní Ìpapó. Oko dá wáí. Ẹ̀gúsí rẹ̀ ti tanná, bàrà kéékèèké ti ń yọjú lábẹ́ ewé. Mo fín ìrẹsì mi láti ìsàlẹ̀ wá sókè, mo wá dúró létí oko rẹ̀ títí atẹ́gùn fi kọjú sí òkè, mo gbé ẹnu páńpù sókè. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí mo ń sọ fún ara mi nìyẹn, pé atẹ́gùn ni. Irọ́ gbuu. Nígbà tí atẹ́gùn rọlẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ ara mi bọ́ sínú ẹ̀gúsí náà. Mo rìn ín ní poro-ní-poro, n ò fo ọ̀kan. Nígbà tí oògùn tán nínú páńpù, mo padà lọ pọn omi lódò, mo po òmíràn, mo wá parí rẹ̀. Mo fọ páńpù, mo wẹ̀, mo jẹ iṣu sísun, mo sùn sábẹ́ igi. Oorun náà dùn.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n dé. Ìyàwó mi gbé ẹran tó mú bọ̀ láti Ìpapó fún mi. Ó gbóòórùn oògùn lára aṣọ mi, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀yin nìkan lẹ dá iṣẹ́ yìí ṣe." Ó gbé omi kaná, ó ní kí n tún wẹ̀ kí oògùn má baà pa mí lára. Mo wẹ̀. Mo jẹ ẹran náà tán.

Ọjọ́ kẹta ni mo gbọ́ igbe rẹ̀ láti òkè: "Yéè! Mo gbé o!" Mo rìn lọ, n ò sáré. Ewé ẹ̀gúsí ti ká kò. Ìtàkùn rẹ̀ ti lọ́ mọ́ra wọn, wọ́n gbé orí sókè bí ejò tí wọ́n tẹ̀ nírù. Bàrà kéékèèké náà ti ń pọ́n, wọ́n ń já bọ́. Obìnrin náà wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ tẹ́ ewé tó ká padà, bí ẹni ń tẹ́ aṣọ. Bó bá tẹ́ ẹ tán, á tún ká.

Ó wò mí. Ó ní, "Bàbá ọmọ mi, ṣé kì í ṣe oògùn tí ẹ fín sí ìrẹsì?"

Mo na ọwọ́ sísàlẹ̀. Mo ní, "Wo ìrẹsì. Òun ni mo da oògùn lé lórí. Ṣé ó kú ni?"

Ó wo ìrẹsì. Ìrẹsì dúró ṣánṣán, ó tutù yọ̀yọ̀, ewé rẹ̀ tínínrín bẹ́ẹ̀. Kí ló tún kù tí yóò sọ? Oògùn wo ló máa fi ohun tí wọ́n dà á lé lórí sílẹ̀, tí yóò wá gun òkè lọ pa ohun tí kò sí níbẹ̀? Ó ní, "Ẹ má bínú. Orí mi ló dàrú." Ẹ ò rí i pé n ò tiẹ̀ ní láti parọ́. Ìrẹsì ló bá mi pa á.

Àwọn ará oko òkè, tí wọn kì í gbin ìrẹsì, wá kí wa. Ọ̀kan ní kòkòrò ni. Ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀yìn àwọn ayé, pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Òjò ti lọ jìnnà, àtúngbìn ò sí mọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin agírìkì náà sì gun alùpùpù rẹ̀ wá láti wo bí oògùn ṣe ṣiṣẹ́. Ó wo ìrẹsì, inú rẹ̀ dùn. Ó gun òkè, ó rí ẹ̀gúsí, ó dúró. Ó wò ó, ó wò mí. Ìyàwó mi di ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ mú, ó ní, "Ọmọ mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé, kí ló ṣe é?" Ó mọ̀. Ojú rẹ̀ sọ fún mi pé ó mọ̀. Mo ní, "Àrùn ni, àbí?" Mo tẹ ojú mọ́ ọn bí àgbà ṣe ń tẹ ojú mọ́ ọmọdé. Ó ní, "Ó lè jẹ́ àrùn, bàbá." Kò tún padà wá sọ́dọ̀ wa lọ́dún yẹn. Ojo lásánlàsàn. Bí ó bá la ẹnu rẹ̀ nígbà náà, ọ̀rọ̀ ì bá má dé ibi tó dé. Ẹ̀bi tèmi ni mo ń wá ẹni tí n ó dà á lé yìí, mo mọ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyàwó mi wọlé wá bá mi, ó kúnlẹ̀. Ó ní òun ti ro ó títí, òun sì ti mọ ohun tí òun ṣẹ̀. "Mo fi iṣẹ́ ọkọ mi sílẹ̀, mo lọ ń ṣe tèmi. Ẹ ní rárá, mo fi ẹ̀gúsí gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu yín. Ọlọ́run ló bá yín mú mi. Ẹ forí jì mí, bàbá ọmọ mi." Omi ojú rẹ̀ ń kán sórí ẹní.

Àyè ọ̀rọ̀ nìyẹn. Kò tún sí àyè tó jù ú lọ. Mo gbé ọwọ́ lé e lórí, mo ní, "Mo ti forí jì ọ́."

Òun fúnra rẹ̀ ló lọ bá ọmọ. Mo jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀, mo ń gbọ́ wọn. Ó ní, "Ọlọ́run ò fọwọ́ sí i. Bó bá fọwọ́ sí i ni, kò ní jẹ́ kó kú." Ọmọ ní, "Ìyá mi, ẹ jẹ́ ká lọ bá tíṣà, ẹ jẹ́ ká bẹ àwọn èèyàn." Ìyá rẹ̀ ní, "Ta ló ń bá Ọlọ́run jà? Ṣé kó tún mú ìwọ gan-an ni?" Ọmọ náà kígbe mọ́ ọn pé ìyá òun ló fún òun ní ìrètí, ìyá òun náà ló tún ń gbà á. Lẹ́yìn ìkórè, a mú un lọ fún ọkọ ní Ìgbẹ́tì. Ọ̀nà náà burú, eruku pupa bò wá lójú, lórí. Láti ilé títí a fi débẹ̀, kò bá ìyá rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan. Ìyá rẹ̀ ló ń bínú sí! Èmi ló kúnlẹ̀ fún pé kí n súre fún òun.

Ìrẹsì ọdún yẹn ló dára jù nínú gbogbo èyí tí mo gbìn rí. Ìyàwó mi bá mi lé ẹyẹ, ó bá mi gé e, ó bá mi pa á. Ṣùgbọ́n kò gbin nǹkan kan mọ́ láyé rẹ̀. Ó ní ọwọ́ òun ti bàjẹ́. Mo gba ilẹ̀ òkè náà padà, mo gbin àgbàdo sí i.

A ti darúgbó báyìí. Ọmọ máa ń wá lọ́dún Iléyá. Ó máa ń mú aṣọ bọ̀ fún mi, á jókòó tì mí, á bá mi tàkúrọ̀sọ. Ìyá rẹ̀, á kí i, ó parí nìyẹn. Ìyá rẹ̀ á ní ọmọ náà lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú sí òun.

Lọ́dún kan, àìsàn dá ìyàwó mi dùbúlẹ̀, mo rò pé yóò kú. Mo jókòó tì í, mo ní, "Ìyá ọmọ mi, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ o, ọ̀rọ̀ ẹ̀gúsí ọjọ́un." Ó ní, "Háà, ẹ ti forí jì mí, ẹ má jẹ́ ká padà síbẹ̀ mọ́." Kì í ṣe àánú rẹ̀ ló pa mí lẹ́nu mọ́. Mo bi ara mi pé bó bá yè tó sì ti mọ̀, ta ni yóò máa se oúnjẹ mi, ta ni yóò máa bu omi àlùwàlá fún mi? Ó yè. Ó ń se oúnjẹ mi.

Lójoojúmọ́, lẹ́yìn ìrun alásárì, a máa ń jókòó lórí ẹní kan náà. Á gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Á bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn òkú wa, á bọ́ sórí ọmọ, á bọ́ sórí mi. Ìgbẹ̀yìn ni yóò tó kan ara rẹ̀. Á ní, "Ọlọ́run, ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ṣẹ̀ tó pa ẹ̀gúsí mi, tó dínà mọ́ ọmọ mi, dárí rẹ̀ jì mí. Bí ìyà rẹ̀ bá ṣì kù, má jẹ́ kó kan bàbá ọmọ mi. Orí èmi nìkan ni kí o dà á lé." Á wá yíjú sí mi, á dúró.

Mo máa ń ṣe àmín. Mo ṣe é lánàá.