Fìlà Aláwọ̀ Ewé Nínú Èéfín Ìgàndò

Ọdún mẹ́ta gbáko ni Qonitah, aránṣọ ní Ìgàndò, fi ń pariwo lórí Fesibúùkù pé kí wọ́n yé finá sí igbó. Ta ló dá a lóhùn? Ẹ̀rín ni wọ́n ń fi í rín. "Ẹ sinmi ariwo jàre, ṣé igbó ló ń bọ́ yín ni?" Ohun tí wọ́n ń kọ sí i nìyẹn, àwọn aláìnítìjú!

Ọyẹ́ ọdún 2016 ni iná kúrò nínú igbó ẹ̀yìn ilé wọn, tó wọ ṣọ́ọ̀bù Báyọ̀dé káfíńtà. Pákó, ẹ̀rọ, gbogbo ẹ̀ ló jóná ráúráú. Kí iná náà tó ràn, Qonitah ti fi fóònù ya ọkùnrin kan láti orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì: ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló hàn nínú èéfín, ògùṣọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Inú ń bí i gan-an. Ó gbé àwòrán náà síta: "Ẹ bá mi wá ọ̀daràn yìí."

Háà! Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín lánàá wá di akínkanjú. Kí wákàtí kan tó pé, irinwó ènìyàn ti pín in kiri. "Ẹ lù ú pa!" "Táyà dà? Ẹ gbé e kọ́ ọ lọ́rùn!" Tolú kan wá kọ̀wé ní tirẹ̀: "Ẹ wo fìlà rẹ̀ dáadáa, aláwọ̀ ewé, ìlà funfun létí. Mo mọ ẹni tó ń dé e ládùúgbò wa."

Qonitah fẹ àwòrán náà, ó tún fìlà náà wò. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ rán an fún bàbá rẹ̀ nígbà Iléyá.

Ó pa àwòrán náà rẹ́, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Ó sáré lọ sẹ́yìnkùlé. Bàbá rẹ̀, Àmúsà, lóṣòó síbẹ̀, ó ń kun ẹran, fìlà wà lórí.

"Bàbá, ẹ ṣí fìlà yẹn! Ẹ wọlé, wọ́n ń wá yín!"

"Àwọn wo? Òyà tí o sọ pé oyún inú rẹ ń jẹ́ kó wù ọ́ rèé. Iná la fi ń lé e jáde lọ́dọ̀ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́."

Ẹkún ni Qonitah fi sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Bàbá ò ní fóònù, kò sì mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù ẹnikẹ́ni jóná. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Wọ́n ti ń gbá géètì gbà-gbà-gbà.

"Ọdún mẹ́ta," ni Bàbá wí. "O sọ fún gbogbo ayé, Qonitah. Èmi tí a jọ ń gbélé ńkọ́?"

Qonitah ṣí fìlà náà lórí bàbá rẹ̀, ó dé e lé orí ìbòrí tirẹ̀, ó sì lọ ṣí géètì.