Tíṣà Tó Ń To Èkùrọ́

Tíṣà ìṣirò wa ní Ìgbògbò kì í kọ nǹkan sí bọ́ọ̀dù. Èkùrọ́ ni wọ́n máa ń tò sórí tábìlì láti apá òsì: mẹ́rin lókè, méjì lábẹ́ rẹ̀, ẹyọ kan nísàlẹ̀. Méje nìyẹn.

“Ẹ kà á ní ìbú, kí ẹ tún kà á ní òòró.”

Ní òòró, á di mẹ́ta, méjì, ọ̀kan àti ọ̀kan, àmọ́ méje náà ni.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá ilé ìwé ní kí tíṣà wa ka ìkéde kan fún wa. Wọn kò lè kà á.

“Ọwọ́ ni mo fi ń ríran báyìí, sà.”

Ọ̀gá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n padà sí Agbowa, ìlú wọn. Ní Sátidé, àwọn òbí ń mú ọmọ lọ bá wọn níbẹ̀ láti kọ́ ìṣirò. Àbúrò mi wà lára àwọn ọmọ náà.