Òwú Lára Kẹ̀kẹ́ Ọkọ Mi

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe máa pe ọkọ mi nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí a jọ ń gbé ní Àgbówó, "ẹ" ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀, "wọ́n" ni mo sì fi ń pè é lẹ́yìn, bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé. Lónìí, "ó" náà ti tó o. Ẹni tí ó bá rò pé mo rí i fín, kí ó kà á dé ìparí.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni. Àgbówó kò tíì kún nígbà náà. Ilé tuntun díẹ̀, oko ẹ̀gẹ́ láàárín wọn, àti ilẹ̀ pupa tí kì í jẹ́ kí aṣọ funfun gbádùn ayé rẹ̀. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní iléèwé kan ní Bódìjà, ọkọ mi sì jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì kan ní Dùgbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ni ó ń gùn lọ, òun náà ni ó ń gùn bọ̀. Kẹ̀kẹ́ dúdú ni, ó sì máa ń nù ún láràárọ̀ kí ó tó kí mi.

Láti títì ńlá, ọ̀nà ilé wa dà gẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀, ó wá tún gun òkè díẹ̀ kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà wa. Bí ọkọ mi bá ti dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn nírọ̀lẹ́, á dá ẹsẹ̀ dúró, á jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ máa sáré lọ fúnra rẹ̀. Irin kan wà láàárín wíìlì ẹ̀yìn tí wọ́n ń pè ní fíríwíìlì. Òun ni kì í jẹ́ kí pẹ́dà bá wíìlì yí lásìkò bẹ́ẹ̀, òun náà ni ó sì ń ké: kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́. Mo máa ń sọ pé igbe yẹn ni wọ́n fi sọ kẹ̀kẹ́ lórúkọ. Bí mo bá ti gbọ́ ọ láti ilé ìdáná lẹ́yìnkùlé, màá da dòdò sínú epo, kí ó lè bá a ní gbígbóná.

Ó wá di ìgbà kan, dòdò bẹ̀rẹ̀ sí í tutù dè é. Màá gbọ́ kẹ́kẹ́kẹ́, á dé ìsàlẹ̀, á dákẹ́, á sì dákẹ́ pẹ́. Ta ni ó ń gbé ìsàlẹ̀ yẹn? Aránṣọ kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ni, obìnrin eléjì, adúmáradán, tí ó gbé máṣìn-ìn rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà bí ẹni pé wọn kò kọ́ yàrá mọ́ ilé rẹ̀. Owú ni mo jẹ, n kò ní pè é ní orúkọ mìíràn. Wọ́n ní "Òrìṣà, jẹ́ kí n pé méjì" obìnrin kò dénú. Tèmi kò tilẹ̀ dé ẹnu.

Nígbà tí ó sú mi, mo gbé àwo dòdò tútù síwájú rẹ̀, mo sì la ẹnu mi.

"Ẹ tún yà lọ́dọ̀ aránṣọ lónìí."

"Ta ni ó sọ fún ẹ?"

"Kẹ̀kẹ́ yín ni. Ibi tí ó bá ti dákẹ́ ni ẹ wà."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì jẹ dòdò náà tán. Àìmẹ́nu, àìmétè ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Èmi ni mo fi ẹnu ara mi sọ fún un ohun tí mo fi ń ṣọ́ ọ.

Kò pẹ́ sí i, ní Sátidé kan, ó mú ọkùnrin kan tí ó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Dùgbẹ̀ wá sílé. Ó ní bíréèkì òun kò mú dáadáa mọ́ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, pé òun fẹ́ yọ fíríwíìlì kúrò, kí wọ́n fi irin tí kì í yí lásán rọ́pò rẹ̀, irú èyí tí àwọn tí ń fi kẹ̀kẹ́ sáré ìje ní Ring Road ń lò.

"Bí wíìlì bá ti ń yí, ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ máa yí," ni ó wí. "Bí mo bá sì fẹ́ dúró, ẹsẹ̀ ni màá fi dá a dúró."

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Èmi gan-an ni wọ́n ní kí n bá wọn di wíìlì mú. Mo gbá a mọ́ àyà, gírísì ń ta sí mi láṣọ, ọkùnrin náà sì ń fi irin ṣóńṣó àti òòlù lu fíríwíìlì náà títí ó fi tú. Ó tún ké díẹ̀ ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kí ó tó sọ ọ́ sínú àpò. Ó wá mú irin eléyín tuntun jáde, kékeré, tí ohunkóhun kò mì nínú rẹ̀.

"Bí ẹ bá ń wà á síwájú, á máa le sí i ni," ó sọ fún ọkọ mi. "Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ẹsẹ̀ dá a dúró, ó lè tú. Òwú ni a ó wé síbi tí ó ti ń yí wọlé, ká fi ọ̀dà pa á, kí ó lè gan. Ṣé ẹ rántí òwú tí mo ní kí ẹ mú?"

Ọkọ mi ti ọwọ́ bọ àpò, ó sì yọ òwú ìránṣọ jáde, aláwọ̀ ọsàn pípọ́n.

Òwú, nínú àpò ọkọ mi! Ọkùnrin tí ó jẹ́ pé bí bọ́tìnnì bá já lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, á pariwo orúkọ mi bí ẹni tí ilé ń jó.

"Níbo ni ẹ ti rí òwú?"

"Dùgbẹ̀."

Kò wo ojú mi. Ó ń wé òwú, èmi ń jẹ owú. Bí èèyàn bá kọ ọ́ láìfi àmì sí i, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ọkùnrin náà dè é le, ó fi irin róbótó kan há a lẹ́yìn, ó dá wíìlì padà, ó sì so ṣéènì. Nígbà tí ó gbé ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ sókè tí ó tì í, pẹ́dà ń yí, wíìlì ń yí, nǹkan kan kò dún.

Láti Mọ́ńdè, etí mi kò níṣẹ́ mọ́. Ọkọ mi á kàn yọ sí mi nílé ìdáná nígbà tí ó bá wù ú. Mo sì mọ̀, tàbí mo rò pé mo mọ̀, pé nítorí obìnrin ìsàlẹ̀ yẹn ni ó ṣe pa kẹ̀kẹ́ lẹ́nu mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ kan mo mú àǹkárá tí ìyá mi fún mi, mo sọ̀ kalẹ̀. Mo fẹ́ kí ọkọ mi yà síbẹ̀, kí ó bá mi lórí àga.

"Ẹ kúrọ̀lẹ́ o, Àǹtí aránṣọ. Búbà ni mo fẹ́ rán."

"Ẹ wọlé, ìyàwó. Ẹ dìde dúró kí n wọ̀n yín."

Òwú aláwọ̀ ọsàn wà lórí máṣìn-ìn rẹ̀. Ife omi kan sì wà lójú fèrèsé, ó fi àwo pẹlẹbẹ dé e.

"Ta ni ẹ gbé omi dè?"

Téèpù rẹ̀ dúró sí mi ní ìbàdí.

"Kò sí ẹnì kankan mọ́. Ó ti mọ́ mi lára ni. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá ti gbọ́ kẹ̀kẹ́ yẹn lókè, màá bu omi."

Ọwọ́ mi ń yún mi láti gbá a létí. Dòdò mi àti omi rẹ̀, igbe kan náà ni a jọ fi ń ṣe é!

"Òwú yìí ńkọ́?"

"Ó ní òun fẹ́ fi ṣe kẹ̀kẹ́. Mo já a fún un. Láti ìgbà náà, kò yà mọ́."

"Irọ́ ni!"

"Ẹ dúró, kí ẹ fojú yín rí i."

A jọ dúró ní ẹnu ọ̀nà. Kò pẹ́, ó dé. Kò dún rárá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ sókè sódò bíi ti ẹni tó ń wa máṣìn-ìn. Fìrí báyìí ni a rí i. Kò yíjú, ó ti gba ọ̀nà òkè lọ. Ojú aránṣọ rẹ̀wẹ̀sì. Èmi? Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé àǹkárá mi síbẹ̀. Mo ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń gòkè, mo ń ro dòdò tí màá dín.

Kẹ̀kẹ́ kò sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá onílé wa jókòó síwájú ilé pẹ̀lú bùtà, ó ń ṣe àlùwàlá.

"Ìyá, ṣé ọkọ mi ti wọlé?"

"Ó ti kọjá, ọmọ mi. Ṣebí ojoojúmọ́ ni ó ń kọjá lọ sí ọ̀nà Òjóò báyìí, kí ó tó ṣẹ́rí padà. Mo rò pé ìwọ lò ń rán an níṣẹ́ ni."

N kò gbé epo kaná. Mo yí padà, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sọ́dọ̀ aránṣọ. Ó wo ojú mi. Ó fa àga fún mi, ó ṣí ife tó wà lójú fèrèsé, ó sì gbé omi náà fún mi. Mo mu ún tán.