Ilẹ̀ Tó Wú Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Yàrá Ẹja

Inú yàrá kan nísàlẹ̀ ilé wa ní Mushin ni a sin bàbá mi sí, bí àwọn ará ilé wa ní Ìjẹ̀bú ti máa ń ṣe. Ẹja dídì ni ìyá mi ń tà. Nígbà tí ọjà wọn gbòòrò, wọ́n sọ yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ di yàrá yìnyín: ilẹ̀kùn onírin, ẹ̀rọ ńlá, páálí ẹja títí dé àjà. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ́ ohun tí yóò dènà òtútù sílẹ̀.

"Tíṣà, lọ kọ́ àwọn ọmọ ẹ, jàre," ni ìyá mi dá mi lóhùn.

Mo bínú, mo lọ síbi iṣẹ́ mi.

Nígbà tó pẹ́, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ọ̀sán gangan, oòrùn ń jó lóde, a ó kàn gbọ́ ohun tó sán lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Sìmẹ́ǹtì ojú oórì bàbá mi là, ó sì ń wú sókè díẹ̀díẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án, ó tutù rinrin.

Inú ìyá mi dùn. "Ṣé o rí i? Bàbá ẹ ti fẹ́ dìde."

Wọ́n tẹ́ ẹní síbẹ̀, wọ́n ń bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀.

Jọ́gíráfì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yaba. Ọdọọdún ni mo ń sọ fún wọn pé ní ilẹ̀ olótùútù, omi inú ilẹ̀ a máa dì, a máa wú, a sì máa ti òkúta jáde. Bí yìnyín bá yọ́, ilẹ̀ á rì. N kò fojú rí i rí. Ní Mushin tí ooru ti ń pa èèyàn! Èèmọ̀ wọlú. Mo ṣàlàyé fún ìyá mi pé òtútù yàrá yìnyín ló gba abẹ́ ògiri kọjá.

"Tá a bá wá pa ẹ̀rọ yẹn ńkọ́?"

"Ilẹ̀ á wálẹ̀, màmá."

"Bàbá ẹ náà á padà wọlẹ̀?"



Ṣùgbọ́n ògiri ti ń là, ilé fẹ́ wó lé wa lórí. A ta ẹja tó kù, mo sì pa ẹ̀rọ. Omi ń sun lára sìmẹ́ǹtì, ojú oórì sì jìn wọlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyá mi jókòó tì í.

"Ẹ̀ẹ̀kejì rèé tẹ́ ẹ máa gbé e wọlẹ̀ lójú mi."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo gbọ́ tí ẹ̀rọ ń dún. Mo sáré sọ̀kalẹ̀, mo ṣí ilẹ̀kùn onírin. Òtútù kọlù mí. Kò sí ẹyọ ẹja kan níbẹ̀. Mo wo yàrá oórì: ìyá mi dùbúlẹ̀, wọ́n fi etí lé sìmẹ́ǹtì.

"Má pa á, ọmọ mi."

Ọwọ́ mi ti wà lára ẹ̀rọ, ògiri sì ń là. N kò lè pa á.