Aṣọ Akọrin Bàámi Lẹ́bàá Ẹ́ńjìnnì Iná

Ọmọ kékeré ni mí nígbà tí bàámi ń ṣọ́ ẹ́ńjìnnì iná lẹ́yìn kúlóòsì wa, òpópónà kékeré tí ilé yí ká, ní Festac Town. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà níbẹ̀ yóò rántí ilé iṣẹ́ mànàmáná kékeré yẹn. Dísẹ́ẹ̀lì ló ń mu. Kì í ṣiṣẹ́ látàárọ̀. Ìrọ̀lẹ́, tí gbogbo ilé bá ń lọ aṣọ, tí wọ́n ń wo tẹlifíṣọ̀n, tí iná ọba ò sì lè gbé e mọ́, ni bàámi máa ń ṣíná sí i. Bí àwa tí à ń ṣeré tẹ́n-tẹ̀n bá ti rí èéfín rẹ̀ lókè, a ó pàtẹ́wọ́. A rò pé èéfín náà gan-an ló ń di iná.

Bàámi ò fẹ́ rí èéfín rárá. Wọ́n ní èéfín dúdú kì í ṣe agbára, epo tí kò jóná tán ni. Akọrin ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí náà wọ́n mú ògbólógbòó aṣọ akọrin wọn kan, funfun báláú, wọ́n ní kí n máa sá a sẹ́bàá ọgbà ẹ́ńjìnnì. Láàárọ̀, màá ká a, màá yẹ̀ ẹ́ wò. Tí mo bá rí tóótòòtó dúdú lára rẹ̀, kí n sọ, kí wọ́n lè tún ẹ́ńjìnnì ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú. Torí àbúrò mi Fúnkẹ́ ni. Ó ní ikọ́ fée, èéfín ò sì bá a lára mu.

Ní Sátidé kan, mo rí tóótòòtó náà, ó pọ̀. Ṣùgbọ́n eré tẹlifíṣọ̀n tí mo fẹ́ràn ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, tí mo bá sì sọ, iná lè pẹ́ kó tó dé. Mo rọra fi ọṣẹ fọ aṣọ náà, mo ní ó mọ́.

Iná dé. Dòdò ń ta sánsán, eré ti bẹ̀rẹ̀, ni Fúnkẹ́ ò bá lè mí dáadáa mọ́. Màámi gbé e jáde, èéfín ló tún pàdé wọn lóde. Mo sáré lọ bá bàámi, mo jẹ́wọ́ tẹkúntẹkún. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni wọ́n pa ẹ́ńjìnnì.

Àwọn ará àdúgbò ya dé gééètì ọgbà ẹ́ńjìnnì, wọ́n ń bèèrè iná. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ náà dé, ó ní kí bàámi ṣíná tàbí kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Bàámi dọ̀bálẹ̀ nínú òógùn àti epo, wọ́n dìde.

"Ẹ má bínú, sà. Tí mo bá fọ nósù tán, ẹ lè lé mi. N ò ní fi ọmọ ènìyàn dá iná."

Wọ́n tú àwọn nósù tó ń fọ́n epo, wọ́n fọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n ṣíná padà, gbogbo ilé tàn, a wòkè, a ò rí nǹkan kan. Fúnkẹ́ ti ń sùn lẹ́sẹ̀ màámi. Ọ̀gá ò lé bàámi. Èmi ni mo fi orúnkún jìyà títí ọwọ́ tí mo nà sókè fi kú tipiri, ó sì tọ́ sí mi. Títí dòní, n ò tíì rí ọkùnrin tó wù mí tó bàámi lọ́jọ́ yẹn.

Wọ́n ti kó ẹ́ńjìnnì náà lọ báyìí. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀, iná wa sì pọ̀ ju tàtijọ́ lọ. Fúnkẹ́ ṣì ń gbé kúlóòsì yẹn, ọmọ rẹ̀ náà sì ní ikọ́ fée. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ikọ́ náà gbé ọmọ ọ̀hún, kò lè mí dáadáa. Bàámi, tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ Fúnkẹ́ báyìí, mú ọ̀pá wọn, wọ́n jáde láti lọ bẹ ẹni tó ń ṣọ́ ẹ́ńjìnnì pé kó pa á. Wọ́n dúró láàárín kúlóòsì, jẹnẹrétọ̀ ń dún lọ́tùn-ún lósì, kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó ń ṣọ́ ọ mọ́, wọn ò mọ ilẹ̀kùn tí wọn yóò kọ́kọ́ kàn.